Ẹ̀kọ tí a kì í mu

Ẹ wo pósítà tí wọ́n fi sítáàsì lásán lẹ̀ mọ́ ògiri ní Kétu: òjò kan péré, ó ti ń bọ́. Àwọn ìyá wa aládìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti bá irú ìṣòro yìí jà láyé àtijọ́.

Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi sára aṣọ. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà. Ṣùgbọ́n láfún nìkan kò tó. Tó bá dá wà, á kan, á hu, aró á sì máa tú u. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyẹn: wọ́n ń bu álọ́ọ̀mù sí i kó lè le, kí omi má tètè tú u, wọ́n sì ń fi blue stone, ìyẹn copper sulphate, sí i kó má baà hu. Àwọn tó ń di ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń bu álọ́ọ̀mù sí ẹ̀kọ ìyẹ̀fun tiwọn.

Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya àwòrán. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún ń gé páànù, wọ́n á wá fa ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ sára aṣọ. Tó bá gbẹ, wọ́n á rì í bọ inú aró ẹ̀lú, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, kí wọ́n tó ha ẹ̀kọ náà kúrò. Báyìí ni òpó Mápó ṣe dé ara Ìbàdàndùn, tí àwòrán Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀ sì dé ara Olóba nígbà júbílì 1935.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ẹ̀kọ yìí gbọ́dọ̀ dì mú, síbẹ̀ kó ṣeé ha. Tó bá ti le jù, kò wúlò mọ́. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n kankan.

Lónìí, ìda gbígbóná ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lò. Ó yá, lóòótọ́. FIIRO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 wà ní Oshòdì níbí, iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Youth wing fẹ́ kọ lẹ́tà sí wọn, ṣùgbọ́n a nílò ìwọ̀n kọ́kọ́. Ẹ̀yin màmá wa tẹ́ ẹ ṣì rántí iye álọ́ọ̀mù tó ń wọ ìkòkò láfún kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi voice note ránṣẹ́ sórí grúùpù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dán an wò nílé, májèlé ni blue stone o: ẹ má fi ìkòkò yẹn se ọbẹ̀ mọ́.