Ìdánwò Agbára Igi Páìnì fún Ilé Kíkọ́: Ọ̀ràn Igi tí a ti Gba Oje Rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ojú àti ọwọ́ ni oníṣẹ́ igi fi ń mọ igi tí ó lágbára. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò fi ìtàn igi páìnì ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ èrò náà wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìdánwò ni ó gba igi yìí lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò jẹ̀bi rẹ̀, àti pé nígbà tí ó yá, ìdánwò fúnra rẹ̀ di ohun tí a gbọ́dọ̀ dán wò.

Ẹ̀sùn tí a fi kan igi

Láti Virginia títí dé ìlà-oòrùn Texas ni páìnì ewé-gígùn ti gbilẹ̀ rí. A fojú bù ú pé igbó rẹ̀ tó 90 mílíọ̀nù éékà kí àwọn ará Yúróòpù tó tẹ̀dó síbẹ̀. Èrè méjì ni wọ́n ń jẹ lára rẹ̀: oje tí wọ́n ń sè láti fi ṣe tapẹntáìnì, àti pákó. Iṣẹ́ gbígba oje yìí fara jọ iṣẹ́ adẹ́mu. Àwọn òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, a gbẹ́ ihò sí ìdí igi, wọn a sì máa ṣá ara rẹ̀ lókè ihò náà kí oje lè sun sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọn a gé igi náà láti là á sí pákó. Ibẹ̀ ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè gbà pé igi tí a ti gba oje rẹ̀ ti di aláìlágbára, bí ẹni tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà wọn kì í fẹ́ rà á. Ìgbàgbọ́ lásán ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni igi ni ó ń pàdánù. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìdánwò ọdún 1891 sí 1893

Bernhard Fernow, tí ó ti ilẹ̀ Jámánì wá, ni ọ̀gá ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀ràn igbó láti 1886 sí 1898. Ní 1891 ni ó dá iṣẹ́ ìdánwò igi sílẹ̀. Charles Mohr, ará Mobile ní Alabama, ni ó ṣa igi jọ, èyí tí a ti gba oje rẹ̀ àti èyí tí a kò gba tirẹ̀. J. B. Johnson ní Washington University ní St. Louis ni ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dá, tí ó sì fún wọn pọ̀ títí wọ́n fi rún. Wọ́n wọn omi inú igi kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí a bá fi igi tútù wé gbígbẹ, a ó rò pé oje ni ó fa ìyàtọ̀ tí omi fà. Moses Gomberg ní Ann Arbor sì wádìí ibi tí oje ń gbé nínú igi.

Àwọn ìwé tí ẹ̀ka náà tẹ̀ jáde ní 1892 àti 1893 sọ àbájáde rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: gbígba oje kò dín agbára pákó kù. Ìdí rẹ̀ ni pé ara ìta igi, tí omi ṣì ń gbà kọjá, ni oje ti ń sun jáde. Oje tí ó wà ní àárín igi kò kúrò níbẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ohun tí ìdánwò yìí kò sọ. Ó dá pákó láre, kò dá ihò tí a ń gbẹ́ sí ìdí igi láre. Ìjì a máa wó irú igi bẹ́ẹ̀, iná igbó a sì máa tètè ràn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Charles Herty gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, tí a ń fi ife kọ́ ara igi dípò ihò.

Kókó inú igi

Ní 1910 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ilé ìwádìí igi sí Madison ní Wisconsin. Ìlànà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí a dán igi kékeré tí kò ní kókó wò, tí ó fẹ̀ ní ínṣì 2, tí ó nípọn ní ínṣì 2, tí ó sì gùn ní ínṣì 30. Lẹ́yìn náà, a óò fi ìṣirò yọ agbára tí kókó àti àbùkù mìíràn ń mú kúrò. Ṣùgbọ́n igi ilé kì í ṣe aláìní kókó. Ní àwọn ọdún 1970, Borg Madsen ti University of British Columbia ní Kánádà dá pákó gẹ́gẹ́ bí a ti ń tà á lọ́jà. Ó rí i pé gbígbẹ, tí ó ń fi agbára kún igi kékeré tí ó mọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan fún pákó tí kókó ti sọ di aláìlera. Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Nọ́ńbà tuntun jáde ní 1991. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n tún dín nọ́ńbà àwọn páìnì gúúsù kù, débi pé ọ̀pọ̀ igi àjà kò gbọdọ̀ gùn tó bí wọ́n ti ń gùn tẹ́lẹ̀ láàárín ògiri méjì.

Fífi agbára kún igi

Ìmọ̀ nípa kókó yìí ni ó tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí a fi agbára kún. Bí ẹrù bá wà lórí igi àjà, òkè rẹ̀ a máa fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa fà. Níbi tí kókó bá wà nísàlẹ̀ ni ó sábà máa ń ya lójijì. Ní 1906, Otto Hetzer ní Weimar gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí igi tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele. Pẹ̀lú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, a lè fi pákó tí ó dára jù sí ìsàlẹ̀. Fọ́nrán gíláàsì tàbí ti kábọ̀ọ̀nù tí a ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ igi lóde òní kò yà kúrò nínú èrò kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn 1893 kò tíì yẹ̀, nítorí pé igi tí a gba oje rẹ̀ ni a fi wé èyí tí a kò gba. Àṣìṣe wọlé nígbà tí a mú igi kékeré ṣe ẹlẹ́rìí fún gbogbo pákó. Nítorí náà, bí òpìtàn bá rí nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ fún agbára igi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó bi í ni èyí: irú igi wo ni ó wà lórí ẹ̀rọ?