Ọkọ̀ Corvair àti lọ́yà tí wọ́n ń ṣọ́ kiri

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń yọ lẹ́nu, ẹ wá gbọ́ ìtàn Corvair.

Chevrolet, ọmọ General Motors, ló ṣe é fún ọdún 1960. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà o! Ẹ̀yìn wá wúwo ju iwájú lọ. Tẹ́ ẹ bá fi eré wọ kọ́nà, ìdí ọkọ̀ lè gbá yín yí.

Iléeṣẹ́ ní kí gẹ́ẹ̀jì táyà iwájú jẹ́ 15, kí tẹ̀yìn jẹ́ 26. Ta ló fẹ́ máa rántí ìyẹn? Àwọn tó fara pa gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ lé ní 100.

Ní 1965, lọ́yà kan, Ralph Nader, fi Corvair ṣe orí kìíní ìwé ẹ̀, Unsafe at Any Speed. Ṣé GM dá a lóhùn? Rárá. Wọ́n ní kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kó máa wádìí ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀! Àṣírí tú. Ní March 1966, ọ̀gá GM, James Roche, tọrọ àforíjì níwájú àwọn sẹ́nétọ̀. Òfin ààbò ọkọ̀ jáde lọ́dún yẹn náà. Nader pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n san $425,000 fún un.

Ibi tó dùn mí rèé: wọ́n ti tún abẹ́ ọkọ̀ yẹn ṣe dáadáa fún ọdún 1965. Orúkọ ti bàjẹ́ ná. 1969 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn.