Ilẹ̀, Ẹ̀sìn àti Wíwá Ìtumọ̀ Ayé ní Lẹ́kkí àti Ajah

Ní ọdún 1967, Peter Berger, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, gbé ìwé kan jáde tó fara mọ́ èrò pé bí ọ̀làjú bá ṣe ń gbilẹ̀ ni ẹ̀sìn yóò máa rẹ̀yìn. Nígbà tó fi di ọdún 1999, òun fúnra rẹ̀ ti kọ èrò náà sílẹ̀. Kò ní ya ẹni tó bá bá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi pàdé lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ajah lẹ́nu. Síbẹ̀, ẹ̀sìn kan ń rẹ̀yìn níbẹ̀, kíka iye ilé ìjọsìn kò sì lè fi í hàn.

Kí ilẹ̀ tó di ọjà ní àgbègbè yìí, oyè, ilẹ̀ àti ìjọsìn kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Olúmẹ́gbọ́n, tí ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀ ní Ajah, ni olórí àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà ní ìkáwọ́ wọn. Ẹni tó ń tọ́jú ilẹ̀ ìdílé ń tọ́jú rẹ̀ fún òkú, fún alààyè àti fún ọmọ tí wọn kò tíì bí. Irú ìjọsìn bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbé kiri: etí ọ̀sà kan pàtó ni, igbó kan pàtó ni, ojú oórì kan pàtó ni.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbé àkóso ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Rájì Ràsákì wó Màrókò palẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí ibùgbé ní Ìlàsàn àti Ìkòtá. (Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, lóòótọ́, àdúgbò tí wọ́n ti jọ ń gbàdúrà ni wọ́n pàdánù, kì í ṣe ilẹ̀ baba ńlá.)

Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn gbé ẹ̀sìn tó ṣe é gbé kiri wá. Ní ọdún 2013, ìjọ House on the Rock ṣí kàtídírà ńlá rẹ̀ ní Lẹ́kkí. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè àlejò: iṣẹ́, ọmọ, àlàáfíà, ọ̀la. Ìbéèrè gidi ni wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Èyí tí kò rí ìdáhùn ni ti ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ àti àwọn tí yóò bá pàdé lẹ́yìn ikú. Nínú àwọn ẹ́sítéètì tí wọ́n fi géètì sé, kò sí ojú oórì. Nígbà tí ikú bá dé, ọ̀pọ̀ Kristẹni ibẹ̀ ṣì ń gbé òkú wọn lọ sí ìlú baba wọn.