Ojú Àlejò Nílùú Lọ́kọ́ja

“Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran” ni àwọn àgbà máa ń wí, òwe náà kò sì bu àlejò kù rárá. Ohun tó ń tọ́ka sí ni pé ọ̀tọ̀ ni kí ojú rí nǹkan, ọ̀tọ̀ sì ni kí ènìyàn mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Òwe yìí bá Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, mu gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lọ sí Àbújá ni kò mọ ìlú náà ju ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà kọjá lọ.

Ẹni tó bá gun alùpùpù tàbí tó wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lè dúró níbi tó bá wù ú. Bó bá wọ̀ sí Lokongoma, àdúgbò ilé gbígbé tí wọ́n pín sí Phase 1 àti Phase 2, ó lè ti ibẹ̀ rìn yí ìlú ká, bó bá tètè jí, torí pé oòrùn Lọ́kọ́ja kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ìbàdàn. Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, òpó irin méjì wà tí àlejò lè pè ní òpó géètì tó ti wó; àwọn ará ìlú ló ń ṣàlàyé pé Irin Òmìnira nìyẹn, èyí tó dúró fún ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi gba Odò Ọya gòkè dé agbègbè yìí ní 1841.

Òkè Patti, tó ga tó nǹkan bíi mítà 458, ni ibi tí a ti ń rí i bí Odò Bẹ́núé ṣe ti ìlà-oòrùn wá pàdé Ọya. Ọ̀nà rẹ̀ lọ́ kọ́rọkọ̀rọ, nítorí náà jíà kékeré ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, torí pé bíréèkì tí a ń tẹ̀ láìdáwọ́ dúró máa ń gbóná títí agbára rẹ̀ yóò fi dín kù. Wọ́n máa ń sọ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ aya Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà tó fi sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1897, ló ti dábàá orúkọ náà, ọdún 1902 ni òun àti Lugard sì tó ṣègbéyàwó. Lọ́kọ́ja kò kúkú nílò àdàlù ìtàn, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá ilé-iṣẹ́ òwò Royal Niger Company kalẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1900, tí Lugard sì kéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí Àríwá.

Ọ̀ràn omi ni àìmọ̀ ti lè kó bá àlejò jù. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni odò méjèèjì máa ń kún. Ní 2012 àti 2022, omi bo títì tó lọ sí Àbújá ní Koton-Karfe, ọkọ̀ tò jàn-ánrẹrẹ, Lọ́kọ́ja sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di erékùṣù, ìyẹn ilẹ̀ tí omi yí po. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ inú gáréèjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi, àti àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà ti dí, ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ lè gba Ìlọrin, Jẹ́bà àti Bídà dé Àbújá.