Ìsinmi Ní Erékùṣù Caribbean: Ẹ Yẹ Ìwé Wò Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Nígbàkígbà tí ìsinmi ilé ìwé bá ń sún mọ́lé, àwọn ará wa máa ń bi mí pé èló ni wọ́n máa fi kó ìdílé lọ sí erékùṣù Caribbean, torí pé akáńtáǹtì ni mí. Màá sọ ti owó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣáájú. Ìwé ló ṣáájú. Owó tó bá ṣòfò, a lè tún un wá. Ẹni tí wọn ò bá jẹ́ kó padà wọ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe kékeré.

1. Irú ìwé wo ló wà lọ́wọ́ kálukú?

Nínú ilé kan ṣoṣo ní Lanham tàbí Bowie, bàbá lè ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, kí ìyá ní green card, kí àwọn ọmọ tí a bí síbí ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, kí ìyá àgbà tó wá kí wọn wà lórí físà àlejò, kí àbúrò sì máa dúró de green card tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n máa rà, àmọ́ òfin tó de wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Jàmáíkà, Barbados àti Bahamas, orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni wọ́n. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ti jáde ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Bí àbúrò tó ti fi ìwé sílẹ̀ fún green card níbí bá jáde láìgba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní advance parole, ìjọba máa kà á sí pé ó ti pa ìbéèrè rẹ̀ tì, àyàfi àwọn díẹ̀ bíi ẹni tó ṣì wà lórí físà iṣẹ́ H-1B. Kó kọ́kọ́ rí lọ́yà kó tó rí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ bi ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lọ bóyá wọ́n máa gba físà lọ́wọ́ yín. Òfin Jàmáíkà kọ́ ni òfin Bahamas.

2. Ibi tí ìdílé oníwé oríṣiríṣi lè lọ

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dárúkọ U.S. Virgin Islands: St. Thomas, St. John àti St. Croix. Ní 1917 ni Amẹ́ríkà ra erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ Denmark, $25 mílíọ̀nù ni wọ́n san. Dọ́là ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Lójú òfin ìwọlé-wọ̀de, ẹni tó wọkọ̀ òfurufú láti ibí lọ síbẹ̀ tààrà kò tíì kúrò ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sùn lọ o. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa yẹ̀ yín wò ní pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Kí onígreen card mú káàdì rẹ̀ dání. Kí ìyá àgbà mú páásípọ́ọ̀tù, físà àti ìwé I-94. Kí ọmọ Amẹ́ríkà mú páásípọ́ọ̀tù, tàbí ìwé ọjọ́ ìbí pẹ̀lú REAL ID. Ẹni tí kò bá ní ìwé kankan, kó jókòó sílé.

Pàkúté kan tún wà. Láti St. Thomas, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé èèyàn lọ sí Tortola láàárín bíi wákàtí kan. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Tortola wà. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà yí físà àlejò àwa ọmọ Nàìjíríà padà sí oṣù mẹ́ta, ìgbà kan péré lèèyàn sì lè fi wọlé. Bí ìyá àgbà tó ti lo ẹyọ kan tirẹ̀ bá fẹsẹ̀ kan Tortola, kò ní físà tó máa fi padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ìgbafẹ́ tó ń gbéra ní Baltimore: ẹ bèèrè gbogbo èbúté tó máa dúró sí.

3. Owó

Ẹ má fi credit card lọ gbafẹ́ kí ẹ wá máa san èlé títí Kérésì méjì. Ká ní $6,000 lẹ fẹ́ ná, $500 lóṣooṣù fún ọdún kan ti tó. Ẹ lè dá èsúsú. Àwọn ará Trinidad ń pè é ní susu, àwọn ará Bahamas ń pè é ní asue. Àwọn èèyàn wa tí òwò ẹrú gbé kọjá òkun ló mú un dé ọ̀hún.

Ẹ wo owó ọkọ̀ ní BWI, Dulles àti National, ẹ má gbàgbé owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ẹ bá pọ̀, ilé tó ní kíṣíìnì dín owó ju òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ bèèrè iye tí ilé gbígbà máa jẹ́ lẹ́yìn owó orí, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ síwájú. Ohun tí ẹ bá rà bọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kó èyí tó tó $1,600 wọlé láìsan owó ẹnubodè. Láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, $800 ni.

4. Àkókò

Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà títí dé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì líle. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, Irma àti Maria kọlu erékùṣù wọ̀nyí láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Torí náà, tó bá jẹ́ ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ lọ ní oṣù kẹfà, ẹ má dúró de oṣù kẹjọ. Ẹ ra ìdójútòfò lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ìjì bá ti ní orúkọ, ẹ ti pẹ́ jù.

5. Kí lẹ máa rí níbẹ̀?

Etíkun Trunk Bay wà ní St. John. St. John kò ní pápákọ̀ òfurufú. Láti Red Hook ní St. Thomas, bí ogún ìṣẹ́jú ni lórí omi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí, ẹ fara balẹ̀. Láti 2020, wọ́n ti fòfin de ìpara oòrùn tó ní oxybenzone, ẹ ka ara ike kí ẹ tó rà á.

Tí ẹ bá jẹ fungi, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ilá rò, pẹ̀lú kallaloo ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ máa rántí ilé.

Ẹ sọ ìtàn fún àwọn ọmọ. Ní Frederiksted, St. Croix, làwọn ẹrú ti dìde gba òmìnira wọn ní ọjọ́ 3 oṣù keje 1848. Charlotte Amalie ní St. Thomas sì ni wọ́n bí Edward Wilmot Blyden sí ní 1832. Ó lọ sí Liberia, ó sì wá sọ̀rọ̀ l'Ékòó ní oṣù kìíní 1891 pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìjọ tiwọn. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀ l'Ékòó.

6. Ètò ní ṣókí

Oṣù méjìlá ṣáájú: ẹ kó ìwé gbogbo ilé sórí tábìlì, ẹ wo ọjọ́ tí kálukú wọn máa kú, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ èsúsú. Páásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ọdún 5 péré ló ń lò, òbí méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.
Oṣù mẹ́fà: ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ mú un lọ bá lọ́yà.
Oṣù mẹ́rin: tíkẹ́ẹ̀tì, ilé, ìdójútòfò.
Ọ̀sẹ̀ kan: ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí ẹnì kan ní PG tọ́jú ọ̀kan fún yín.

Tí ẹnì kan nínú ilé kò bá lè lọ lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ocean City, gbogbo wa á jọ lọ lọ́dún tí ìwé rẹ̀ bá jáde. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.