Ìbọn Tí Lily Jù Nù

Ìjà ló bí àròkọ yìí. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ o, ìjà ẹnu ni, àmọ́ ó le débi pé àwọn méjì nínú wa ò kí ara wọn fún odindi ọjọ́ méjì. Àwa márùn-ún la há sínú yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, a sì ń wo apá kẹjọ, èyí tó kẹ́yìn, nínú eré tí wọ́n ń pè ní Devs. Bó ṣe parí báyìí, Físíìsì (orúkọ tí a fi ń pe ọ̀rẹ́ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ náà) gbá tábìlì: "Wọ́n rẹ́ wa jẹ!" Wòlíì ní tirẹ̀ dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Láti ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dà rú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ò tíì wò ó. Alex Garland, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́, òun náà ló darí apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Oṣù kẹta ọdún 2020 ló bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó parí lóṣù kẹrin. Ní California nìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Amaya. Forest ló ni ín. Amaya lorúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Bàbá wá ṣe ère ọmọ náà gàgàrà, ó ga ju àwọn igi lọ. Nínú igbó iléeṣẹ́ yìí ni ilé àṣírí kan wà tí wọ́n ń pè ní Devs. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lágbára débi pé ó lè ṣírò gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí, kó sì ṣírò èyí tó ń bọ̀. Wọ́n ti fi wo Jésù lórí àgbélébùú, àwòrán náà ń ṣe wúruwùru bí tẹlifíṣọ̀n tí eríàlì rẹ̀ ò dáa. Sergei, ọ̀rẹ́kùnrin Lily, wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n pa á. Lily, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ọ̀hún, wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ ikú náà.

Ó dáa. Ibi tí mo ń lọ ni pé Garland kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú ẹ̀rọ yìí. Èrò náà ti pẹ́ láyé. Ọdún 1687 ni Newton tẹ ìwé rẹ̀ lórí bí nǹkan ṣe ń rìn, lókè ọ̀run àti lórí ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edmond Halley, fi ìṣirò ọ̀hún wo ìràwọ̀ onírù kan, ó ní èyí tí wọ́n rí lọ́dún 1531, 1607 àti 1682, ọ̀kan náà ni, pé yóò padà wá lọ́dún 1758. Halley kú lọ́dún 1742. Lóṣù Kejìlá ọdún 1758, lálẹ́ Kérésìmesì gan-an, àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Jámánì gbójú sókè, ó rí i. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ti wà nínú sàréè fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ sì ṣẹ, láìsí ọ̀pẹ̀lẹ̀, láìsí ìran. Bírò àti ìwé ni.

Àwọn tó gbọ́n nílẹ̀ Yúróòpù ò gbàgbé ìyẹn. Lọ́dún 1814, Laplace, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí ọpọlọ kan bá wà tó mọ ipò gbogbo nǹkan tó wà láyé àtọ̀run ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, tó sì mọ gbogbo agbára tó ń tì wọ́n, kò sóhun tí yóò pamọ́ fún un: àná àti ọ̀la yóò tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹní. Ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn èèyàn wá ń pe ọpọlọ yìí ní ẹ̀mí èṣù Laplace. Ẹ̀rọ Forest ò ju ọpọlọ yẹn lọ. Wọ́n kàn gbé iná sí i lára ni.

Físíìsì wá ní kí n má fo ohun tó tẹ̀ lé e, torí náà mi ò ní fò ó. Ọdún 1927 ni Heisenberg fi hàn pé bó o bá mọ ibi tí ègé átọ́ọ̀mù kan wà dáadáa, o ò ní lè mọ bó ṣe ń sáré dáadáa. Ẹsẹ̀ Laplace yẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà làwọn onímọ̀ ti ń jà bíi tiwa nínú yàrá. De Broglie lọ́dún 1927 àti Bohm lọ́dún 1952 ní rárá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ègé ń tọ̀, àwa ni ojú wa ò tó o. Hugh Everett ní Princeton lọ́dún 1957 ní gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, pé ayé ń ya bí ẹ̀ka igi, bó o ṣe ń mu tíì ní ẹ̀ka yìí lò ń da á nù ní ìkejì.

Forest ò fẹ́ gbọ́ ti Everett. Nígbà tí Lyndon, ọmọdékùnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, lo èrò Everett, ohùn Jésù jáde ketekete lédè Árámáíkì. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn? Lójú ẹsẹ̀ ni Forest lé e kúrò níṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìjà wá dé. Ẹ̀rọ ti fi hàn pé Lily yóò yìnbọn pa Forest nínú àpótí gíláàsì tó ń léfòó wọ inú Devs, pé àpótí náà yóò já, Lily náà yóò kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi han Lily. Àkókò tó, ó wọ inú àpótí pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé, ó sì ju ìbọn síta.

Físíìsì ní ẹ̀tàn nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń sọ òótọ́ fún apá méje, kí ló dé tó fi ṣìnà lára ẹnì kan ṣoṣo? Àbí ara Lily ò ní átọ́ọ̀mù ni? Ó rán wa létí ìgbà tí Stewart, àgbà inú wọn, sún àwòrán síwájú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, táwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn, tí wọ́n sì ń sọ gẹ́lẹ́ ohun tí àwòrán ti sọ. Kò sẹ́ni tó lè yà kúrò. (Ibẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìpànìyàn inú rẹ̀ lọ.) Wòlíì ní Éfà ni Lily, pé Ọlọ́run ò dá robọ́ọ̀tì, èèyàn ló dá. Lọ́yà ní ti Everett ló jẹ, pé Lily tó yìnbọn wà ní ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀rọ̀ Alhaji ló wọ̀ mí létí jù: pé ẹni tó ti gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n sọ ọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Lọ́yà fi Odẹ́wálé já a nírọ́, nínú eré Ọlá Rótìmí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968. Òun náà ṣáà gbọ́, kí ló rí gbà? Alhaji ní, "Odẹ́wálé sá. Lily ò sá." Gbogbo yàrá dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ gbọ́, Benjamin Libet fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, ó rí i pé ọpọlọ ti ń múra àtigbé ọwọ́ kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun fẹ́ gbé e. Àwọn kan fò fáyọ̀, wọ́n ní ìfẹ́-inú ti kú. Àmọ́ Libet fúnra rẹ̀ sọ pé àyè díẹ̀ ṣì kù, táṣẹ́rẹ́, tí èèyàn fi lè ní rárá. Lily ò dá ohun tuntun kan sílẹ̀. Rárá ló ní.

Èmi ò dá sí ìjà wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun mìíràn ló dì mí lọ́nà ọ̀fun. Lọ́jọ́ tí ọmọ Forest kú, ìyàwó rẹ̀ ń wakọ̀ bọ̀ nílé, òun àti Forest jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ojú Forest ni ọkọ̀ kejì ti gbá wọn. Ẹ wá wo ìdí tó fi kórìíra Everett. Bí ayé bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, fóònù yẹn ò lẹ́ṣẹ̀. Bí ẹ̀ka bá wà, ẹ̀ka kan wà tí ọkọ̀ yẹn ti kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí Amaya ń jẹun alẹ́. Ẹ̀bi dé nìyẹn. Ó fi bílíọ̀nù dọ́là kọ́ ilé kan tí yóò máa sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Kí àpótí yẹn sì tó já níkẹyìn, Stewart ló pa mágínẹ́ẹ̀tì tó gbé e dúró. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ṣe, ó ní kí wọ́n má bá òun wí, pé ó ti wà nínú àkọsílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àbúrò mi gun ọ̀kadà lọ bá mi gba ṣájà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó gbé e, ó sì wọ inú kòtò. Ó ń tiro di òní. Nílé ìwòsàn ni màmá wa ti dì mí mú: "Kádàrá ni. Má dá ara ẹ lẹ́bi." Mo gba kádàrá yẹn bí ẹni gba omi lóǹgbẹ. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ó sì tù mí lára. Èyí táwọn àgbà tiwa ní, tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1962, kò tù mí tó bẹ́ẹ̀: àkúnlẹ̀gbà wà níbẹ̀, àyànmọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ àkúnlẹ̀yàn náà wà. Ẹnì kan kúnlẹ̀, ó yàn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé eré yẹn mo lọ sílé. Mo bá àbúrò mi lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ. Mo ní mo fẹ́ tọrọ àforíjì, pé èmi ni mo pè é lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pè, òótọ́ ni," ó ní. "Mo rí orúkọ yín. Mo mọ̀ pé orí ọ̀kadà ni mo wà. Èmi ni mo gbé e."

Ó tún ní kí n bá òun fún ṣòkòtò yẹn.