Wáyà NITEL Tó Ṣì Wà Nínú Ògiri

Bí a ṣe sọ ọ́ lórí ètò la ṣe kọ ọ́ síbí, fún ẹ̀yin tí dátà yín ò bá tó gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń wá ìwé kan ní ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́. Nọ́mbà tó wà lórí lẹ́tà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 034. Mo pè é títí, kò lọ. Ẹnìkan bá fún mi ní nọ́mbà míì, màmá àgbà kan ló sì gbé e. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin èèyàn ò sì jẹ́ kí n sinmi." Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn mi: báwo ni nọ́mbà ọ́fíìsì ṣe di nọ́mbà ìyá oníyàá?

034 yẹn, kóòdù Àkúrẹ́ ni nígbà ayé NITEL. Kí NITEL tó dé, ẹ̀ka ìjọba tí àwọn òbí wa ń pè ní P&T ló ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù pọ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, nǹkan bí 18,700 láìnì ló wà fún gbogbo Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ a ti tó ogójì mílíọ̀nù èèyàn. Ní 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, ìjọba yọ tẹlifóònù kúrò lára P&T, wọ́n pò ó mọ́ NET, iléeṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe ìpè òkè òkun, ó sì di NITEL.

Láìnì ò pọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ọ́fíìsì tó ní ogún tábìlì lè má rí ju láìnì méjì gbà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ra PABX: àpótí kan lára ògiri, láìnì NITEL méjì wọ inú rẹ̀, wáyà ogún sì jáde lọ sí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá bá fẹ́ bá akáùǹtáǹtì sọ̀rọ̀, á tẹ nọ́mbà méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá fẹ́ pe ìta, á kọ́kọ́ tẹ 9. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe sẹ́kítìrì rí, 9 yẹn ò kúrò lára ìka wọn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ tó ń so ìpè pọ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó jókòó tì í, iṣẹ́ ìsìnkú ló ń ṣe ní Kansas City ní Amẹ́ríkà. Almon Strowger lorúkọ rẹ̀, 1891 ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyàwó ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ló jókòó sídìí tẹlifóònù ìlú, tó ń darí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ. Ìlara iṣẹ́ ló bí PABX, tí ìtàn náà bá jẹ́ òótọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, GSM dé. Náírà àádọ́ta ni ìṣẹ́jú kan, àwọn èèyàn sì ń san án, nítorí ẹni tó ti dúró de láìnì NITEL fún ọdún gbọọrọ ò ní dúró mọ́. Nígbà tí Glo wọlé ní 2003, wọ́n ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo ọjà sì gbóná. NITEL kú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jí wáyà gé, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, ìjọba gbìyànjú láti tà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí NATCOM tó rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 252 dọ́là. Láìnì ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n PABX ṣì wà lára ògiri, ó ń so tábìlì mọ́ tábìlì, kò lè pe ìta mọ́. Òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní nọ́mbà tara wọn. Ibí yìí ni màmá yẹn ti wọ̀ ọ́.

Èmi ò rò pé nǹkan kékeré ni. Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò, ó ti mú ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ sínú àpò rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ti ń bọ̀ láti 1995, nígbà tí iléeṣẹ́ VocalTec ní Ísírẹ́lì gbé ètò kan jáde tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí kafé, tí àwọn bọ̀dá wa ń fi Net2Phone pe London pẹ̀lú ohun àgbékọ́tí, tí wọ́n ń pariwo bí ẹni ń polówó ọjà. Ní 1999, Mark Spencer kọ Asterisk ní Alabama, ó sì fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́: PABX tó jẹ́ kìkì ètò kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìlú Oǹdó. Ilé-ìwé aládàáni kan tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó pè é pé kó hú gbogbo wáyà àtijọ́ jáde. Ó ní rárá. Àpótí kékeré kan ló rà, tí wọ́n ń pè ní gateway, ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó sì so ó mọ́ ibi tí láìnì NITEL máa ń wọ̀ lára PABX. PABX ò mọ̀ pé NITEL ti kú! Ó rí iná lórí wáyà, ó gbọ́ ohùn "dúùù", ó rò pé láìnì dé. Nọ́mbà ìta wá látọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ NCC.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ihò tó wà lára gateway jẹ́ oríṣi méjì, FXS àti FXO. FXS ló ń fún wáyà ní iná bíi ti NITEL, òun lẹ nílò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra FXO, wọ́n á so ó, ohun gbogbo á dákẹ́, wọ́n á wá máa bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìpè kan ò ju 80 sí 100 kilobit lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò YouTube jẹ dátà jù ú lọ fíìfíì. Ohun tó ń ba ìpè jẹ́ ni ìdádúró: bí ohùn bá pẹ́ ju ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó débẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Iná sì tún wà níbẹ̀. Tẹlifóònù NITEL ń jẹ iná bátìrì tó wà ní ilé NITEL, nítorí náà ó máa ń dún nígbà tí ìlú bá ṣókùnkùn. Gateway ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ fi ínfátà tì í.

Ní báyìí, sẹ́kítìrì Oǹdó lè tẹ nọ́mbà mẹ́rin, tábìlì Àkúrẹ́ á sì dún, láìná owó ìpè kankan. Tẹlifóònù àtijọ́ yẹn náà ni, èyí tí okùn rẹ̀ lọ́ bí irun dídì. Ọ̀rẹ́ mi ní nígbà tí màmá sẹ́kítìrì gbé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn tẹ 9.